Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọmú Tó Ń Dà Padà àti Ọ̀fìnkìn Ọmọ

Mọ́níyà, Ìbàdàn,
Oṣù Ṣẹrẹ.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

  Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lóru àná dé ọwọ́ mi, mo sì gbọ́ ọ tán kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ, ó sì dùn mí pé mi ò sí nítòsí láti bá ọ gbé ọmọ tuntun rẹ kí o lè sùn díẹ̀. Mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, torí pé bí ọmọ bá ń ké lọ́wọ́, èèyàn kì í rántí ìdajì ohun tí wọ́n bá sọ fún un lórí fóònù. O lè ka èyí fún Màmá, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Wọ́n wá wẹ ọmọ fún ọ tinútinú ni, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjà láàárín yín.

O ní ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ méje, pé kò sí ìgbà tí ó mu ọmú tí kì í da díẹ̀ padà sí ọ léjìká, pé láti ìgbà tí ọyẹ́ ti le ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn imú rẹ̀ ti dí, ó ń sín, ó ń wú ikọ́ díẹ̀díẹ̀, èébì náà sì ti wá pọ̀ sí i. Màmá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé kí wọ́n fún un ní àgbo. Ìyá kan ládùúgbò ní kí o ra oògùn apakòkòrò Ampiclox. Ìwọ fúnra rẹ ń bẹ̀rù pé á há a lọ́fun lójú oorun.

Ọmọ tó ń da ọmú padà, tó sì ń sanra, tó ń tọ̀ dáadáa, tí ara rẹ̀ yá, kò ṣàìsàn. Aṣọ rẹ̀ ni ká máa fọ̀, kò nílò oògùn. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ àpò oúnjẹ, iṣan roboto kan wà tó máa ń pa ẹnu dé lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti wọlé. Ti ọmọ tuntun kò tíì lágbára. Ó dà bí àpò tí okùn ẹnu rẹ̀ kò tíì fún. Omi lásán ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló sì fi ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ikùn bá kún, tí afẹ́fẹ́ tó gbé mì bá ń wá ọ̀nà àbájáde, ọmú á bá a jáde. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù méjì, á pọ̀ jù lọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, bí ọmọ bá sì ti ń jókòó, tó ń jẹ oúnjẹ tó ki, á máa dín kù. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Mo sọ ti oṣù mẹ́rin yẹn kí ẹ̀rù má baà bà ọ́ bí ó bá tún pọ̀ ju báyìí lọ.

O ní gbogbo ohun tó mu ló ń bì. Ṣe nǹkan kan fún mi. Bu omi ṣíbí ìjẹun kan, dà á sórí ìró rẹ tó gbẹ, kí o wo bí yóò ṣe tàn ká. Ẹnu á yà ọ́. Ohun tó dà bí odidi ọmú kan lójú rẹ lè má ju ṣíbí kan tàbí méjì lọ. Òṣùwọ̀n ló máa ń sọ òtítọ́. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí káàdì lọ́jọ́ tí o bí i, wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí o gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fi méjèèjì wéra. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ tó ń jẹun kánú máa ń fi nǹkan bí gíráàmù 20 sí 30 kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Bí tirẹ̀ bá ń lọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń tọ̀ sí pámpásì tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀, ohun tó ń dúró síkùn ju ohun tó ń jáde lọ. Bí o bá rí i pé èébì náà ti dì wẹ́wẹ́, tó sì ń kan nímú, kò túmọ̀ sí pé ọmú rẹ ti bàjẹ́. Omi kíkan inú ikùn ló dì í, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí o fún ọmú náà dànù, pé ó ti kan. Má dá wọn lóhùn.

Ohun tí o lè ṣe wà, kò sì ná ọ lówó. Má dúró kí ebi pa á títí á fi máa ké kí o tó fún un lọ́mú, torí ọmọ tí ebi ń pa á máa gbé ọmú mì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ni. Fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa tètè tún mu. Mo rántí pé o ní ọmú rẹ máa ń tú yàà bí ó bá ti kọ́kọ́ fà á, tí á sì fún un lọ́rùn. Fi ọwọ́ fún ti àkọ́kọ́ yẹn sínú aṣọ, lẹ́yìn náà kí o fẹ̀yìn ti àga díẹ̀, kí ọmọ wà lókè àyà rẹ. Kò ní máa ya lù ú mọ́. Rí i pé ẹnu rẹ̀ gba ibi dúdú ọmú náà, kì í ṣe orí ọmú nìkan. Bí ó bá dánu dúró láàárín, gbé e sí èjìká kí o rọra máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí á fi gùfẹ̀, tàbí kí o gbé e jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ, kí o fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Bí kò bá gùfẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, fi í sílẹ̀, kò pọndandan.

Tí ó bá ti yó, gbé e dúró ṣánṣán sí àyà rẹ fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, èyí náà sì ni agara máa ń jẹ́ ká fò, pàápàá ní aago mẹ́ta òru. Jẹ́ kí bàbá ọmọ máa ṣe é. Kò ní ọmú, ṣùgbọ́n ó ní àyà. Má tètè pọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá mu ọmú tán, ọ̀já á fún un níkùn. Má pààrọ̀ pámpásì rẹ̀ nígbà yẹn bí kò bá pọndandan, torí bí o bá ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè, ohun tó wà ní ikùn á wá sí ọ̀fun. Kí o sì máa wo abẹ́ ọrùn rẹ̀. Ọmú tó dà máa ń sá pamọ́ sí àárín ìṣẹ́po ọrùn, á máa rùn, á máa bó o lára. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó, kí o nù ún kó gbẹ. Má da páúdà sí i, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Ní ti oorun, mo mọ̀ pé Màmá ti gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó máa sùn ní ẹ̀gbẹ́ tàbí kó dojú bolẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Jọ̀wọ́, fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Ọmú tó bá gòkè wá á ní láti pọ́nkè kó tó lè wọ ọ̀nà èémí. Bí ó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà èémí á bọ́ sísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmú lè ṣàn sí. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn, lójoojúmọ́, lórí ibùsùn tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tó pọ̀ lágbègbè orí rẹ̀. Dídojú ọmọ bolẹ̀ wà lára ohun tó máa ń mú kí ọmọ jòjòló kú lójú oorun láìṣàìsàn. Lórí èyí, mi ò ní fara mọ́ ohun mìíràn, ì báà ṣe Màmá ló sọ ọ́.

Ó wá ku ọ̀fìnkìn, òun ló sì ń mú èébì yìí pọ̀ sí i. Ọmọ tó kéré tó yìí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n fi ẹnu mí. Imú ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Bí imú bá dí, kò lè mu ọmú kó tún mí. Á fà lẹ́ẹ̀mejì, á fi ọmú sílẹ̀, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á ké, á tún fà. Ikun tí kò rí ọ̀nà jáde ní iwájú á máa ṣàn sẹ́yìn lọ sí ọ̀fun, á sì gbé e mì. Ikun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú ikùn kékeré, ikọ́ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibo ni ọmú fẹ́ dúró sí? Ìdí nìyí tí o fi ń rí èébì tó ń fà bí omi ilá láti ọjọ́ mélòó kan wá. Ìyẹn kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, Àbẹ̀kẹ́. Bí o bá tọ́jú imú, èébì á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́jú imú kò le. Lọ sí ilé oògùn tó dára, kí o ní kí wọ́n fún ọ ní omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú ọmọ ọwọ́, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó mu ọmú, gbé e fẹ̀yìn lélẹ̀, kán ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, kí o dúró díẹ̀ kí ikun rọ̀. Á sín, á tiẹ̀ lè bínú sí ọ. Lẹ́yìn náà mú rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ, tẹ̀ ẹ́ kó fún kí ó tó kan imú, ti ẹnu rẹ̀ wọlé díẹ̀ péré, kí o wá dẹ ọwọ́ kó fà á. Fọ rọ́bà náà pẹ̀lú ọṣẹ ní gbogbo ìgbà. Má ṣe é ju ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, torí bí fífà bá pọ̀ jù, inú imú á wú, á sì tún dí sí i. Fífi ẹnu fa imú ọmọ tí Màmá ń ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a dúró. Kòkòrò tó wà lẹ́nu àgbà pọ̀, ọmọ yìí kò sì tíì ní ààbò tó.

Ọyẹ́ náà ń gbẹ imú. Fa aṣọ tí o fi omi rin kọ́ sínú yàrá, jìnnà sí ibùsùn. Má ṣe gbé ọmọ sórí omi gbígbóná tó ń rú, mo ti rí ọmọ tó fi ìyẹn jóná níbi iṣẹ́ wa. Ìkòkò iná èédú tí wọ́n ń gbé sínú ilé nítorí òtútù, ẹ gbé e jáde. Èéfín rẹ̀ burú fún àgbà, ká má tíì sọ ti ọmọ ọ̀sẹ̀ méje. Òògùn ẹ̀fọn tí à ń sun náà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ ta. Bí ìwọ náà bá ní ọ̀fìnkìn, má gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ ń ṣe ohun tó ń bá àrùn náà jà, inú ọmú rẹ ló sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Fọ ọwọ́, fi nǹkan bo ẹnu àti imú nígbà tí o bá gbé e, kí o sì sọ fún àwọn tó ń wá kí ọmọ pé ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kò ó lẹ́nu.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ ló ká mi lára jù. Ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kò sí omi gbígbóná, kò sí àgbo, kò sí omi inú-rírun. Oyin tí wọ́n ní ó ń wo ikọ́, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, torí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń rọ ọmọ ọwọ́ lápá lẹ́sẹ̀. Àdí, bí Màmá bá fẹ́ fi pa á lára, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ má kán an sí imú, ẹ má kán an sí ẹnu. Òróró tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde, á sì bà á jẹ́. Robb àti gbogbo ìpara tó ń ta sánsán, kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Káńfọ̀ ńkọ́? Bí o bá kó o sáàárín aṣọ ọmọ, kó o dànù lónìí, kí o tún aṣọ náà fọ̀, kí o sá a sóòrùn. Àwọn kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Òórùn káńfọ̀ nìkan lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè.

Ampiclox kò lè pa ohun tó fa ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á, kòkòrò mìíràn ni Ampiclox ń bá jà. Inú rẹ̀ ni yóò kàn dà rú. Oògùn ikọ́ olómi àti oògùn ọ̀fìnkìn náà, má rà wọ́n. Ṣé o rántí My Pikin, ní ọdún 2008? Oògùn eyín ọmọ ni wọ́n pè é. Kẹ́míkà kan tó wà nínú omi bíréèkì ọkọ̀ ló wọnú rẹ̀, kíndìnrín àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ 84 ló sì kú. Ní ọdún 2022, irú kẹ́míkà kan náà nínú oògùn ikọ́ pa ọmọ tó lé ní 60 ní Gáḿbíà. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn fẹ́ràn ọmọ wọn bí o ṣe fẹ́ràn tìrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, àìsàn tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní. Ọ̀fìnkìn ọmọ rẹ á lọ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ikọ́ rẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Parasítámọ́ọ̀lù náà, má fún un bí dókítà kò bá tíì rí i, torí ó lè bo ibà tó yẹ ká tètè mọ̀ sí mọ́lẹ̀.

Mo ti sọ èyí tí kò yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Wàyí o, gbọ́ èyí tó léwu, kí o sì jẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá sùn tàbí tí ara rẹ̀ balẹ̀, ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí o ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ kékeré máa ń dáwọ́ mímí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó tún sáré mí, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí o kà á lẹ́ẹ̀kejì tí kò yí padà, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú gidigidi bó ṣe ń mí, tí imú rẹ̀ ń fẹ̀, tó ń kérora, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ọ̀fìnkìn lásán kọ́ nìyẹn mọ́, gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ra òṣùwọ̀n ìgbóná ara, kì í wọ́n. Bí o bá fi í sí abíyá rẹ̀ tí ó fi 37.5 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ tutù ju 35.5 lọ, gbéra. Bí ó bá kọ ọmú pátá, tí kò ṣe é jí, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tí gìrì mú un, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú, tí pámpásì rẹ̀ gbẹ fún bí wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, gbéra.

Èébì náà ní àmì tirẹ̀. Èébì àwọ̀ ewé tútù lè jẹ́ pé ìfun ti lọ́. Kò ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí o máa ṣọ́ jù, nítorí àkọ́bí ọkùnrin ni, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì bá a mu, ni èébì tó ń fò jáde lọ jìnnà lẹ́yìn gbogbo ọmú, tí ebi á sì tún máa pa á lójú ẹsẹ̀, tó sì ń rù. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kúrò nínú àpò rẹ̀ ló ti nípọn, tó ń dí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n fi ń tú u, ọmọ á sì yè, bí wọ́n bá tètè gbé e dé.

Má gbàgbé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Imú dídí kò ní kó má gbà á, àti pé ikọ́ líle àti òtútù àyà wà lára ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà.

Kí Màmá fún mi, sọ fún wọn pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwọ fúnra rẹ. Fi owó ọkọ̀ àti káàdì ọmọ sí ojú kan náà láti alẹ́ òní. Bí o bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì tí mo kọ wọ̀nyí, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, má sì kọ́kọ́ pè mí. Ilé ìwòsàn ti LAUTECH àti ti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Gbé e lọ sí èyí tó bá sún mọ́ ọ jù, kí o pè mí nígbà tí ẹ bá ti wà lọ́nà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àdùkẹ́.